Màmá Tàófíìk Fọwọ́ Síwèé

Ọjọ́ kẹta rèé tí Màmá Tàófíìk wà látìmọ́lé l'Érúwà nítorí ewúrẹ́ tí kò jí.

Sájẹ́ńtì ti nà án ní bẹ́líìtì, ó sì ti bá a kọ "mo jẹ́bi" sínú ìwé.

"Ẹ fọwọ́ sí i, màmá. Àbí ẹ ò mọ̀wé?"

Ó gba báírò, ó fà á lọ gbọọrọ.

Sájẹ́ńtì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ adìyẹ lẹ ń yà?"

"Ibi tí ìwé mi mọ nìyẹn, ọmọ mi."

Ní kóòtù, adájọ́ tó kàwé nílé kéú rí i pé lẹ́tà Lárúbáwá nìyá fi kọ Yorùbá síbi ìfọwọ́sí.

Ó kà á sókè: "Irọ́ lohun tó wà lókè yìí. Sájẹ́ńtì ló nà mí. Ẹ wo ẹ̀yìn mi."

Màmá Tàófíìk tẹjú mọ́ Sájẹ́ńtì títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.