Orville Tackett àti Ìbọn tí Kò Sí Nínú Àkọ̀

Orville Tackett kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù tó ní ni pé kò lè fara da ìnira kékeré. Bí bàtà bá ta á lẹ́sẹ̀, á bọ́ ọ sọnù. Bí bẹ́líìtì ọkọ̀ bá fún un láyà, á tì í sẹ́yìn. Èmi tí mò ń ta oúnjẹ adìyẹ àti irúgbìn ní Harlan Bend, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, mo mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ní ọdún tí àwọn olè fọ́ ilé méjì ní àdúgbò Orville, ó gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ. Èmi náà bá a lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní lílo ìbọn. Hattie Broyles ló kọ́ wa, ìyá àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé ìbọn tí kò ní ọta sórí tábìlì níwájú gbogbo wa.

Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ó kéré, àbí? Láti òní lọ, òun ni yóò máa sọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀, ibi tí ẹ lè dé, àti bí ẹ ṣe lè bínú tó."

Orville rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ ni?"

"Ìyàwó lè dárí jì ẹ́," ni ìyá náà dáhùn. "Eléyìí ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Oṣù mẹ́ta ni Orville fi ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ra bẹ́líìtì tó le bíi pákó, ó ra àkọ̀ tó bo ibi tí ìka ti ń fa ìbọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Bó bá ń lọ sí kóòtù tàbí pósófíìsì, níbi tí òfin kò ti gba ìbọn láyè, á kọ́kọ́ gba ilé lọ tì í mọ́ inú àpótí irin. Ó pa bíà tì níbi àpèjẹ ẹja díndín ọjọ́ Ẹtì. Bí ará ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ dì mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń kọ sí wọn kí ọwọ́ wọn má bàa kan ìbọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru oṣù Keje dé, àkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bó o ní ìbàdí. Kì í jókòó nínú ọkọ̀ kó má ráhùn. Verna ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣebí o lè fi í sílé ní ọjọ́ tó bá sú ẹ."

"Ta ló mọ ọjọ́ tí olè ń bọ̀?"

"Fi í sínú àkọ̀ nígbà náà. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. O ò lè ní kí ata dé inú rẹ kí ìdí rẹ sì tutù."

Orville kò mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ju ìbọn náà sínú àpò ṣòkòtò láìsí àkọ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mo rí i ní ọjọ́ kan tó ń fa aṣọ ìnujú yọ, tí ìdí ìbọn sì yọ tẹ̀lé e.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn àti kọ́kọ́rọ́ nínú àpò kan?"

"Ṣé ìwọ lo ni ìbàdí tó ń bó ni?"

Mo dákẹ́. Oníbàárà mi ni, ó sì jù mí lọ. Ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹjọ, Orville àti Verna wá ra àgbàdo, wọ́n sì mú Junie, ọmọ ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, dání. Ọmọ náà jókòó sórí àpò àgbàdo kan, ó fẹ̀yìn ti òmíràn, ó ń ju ẹsẹ̀. Ó rí òṣùwọ̀n mi, ó ní òun fẹ́ mọ bí òun ṣe wúwo tó. Verna gbé e, ó sì gbé e lọ síbẹ̀.

Orville lóṣòó síwájú àpò yẹn gan-an láti gbé òmíràn tó wà nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yí nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kọ́ ibi tí ìka ti ń fa ìbọn.

Mo ti gbọ́ ìró ìbọn láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé rí. Ọta gba inú itan Orville, ó jáde lórí orúnkún, ó wọ inú àpò tí Junie fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Ihò náà wà ní ibi tí àyà ọmọ náà ìbá wà. Àgbàdo ń ṣàn jáde níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dà bíi pé ẹnìkan tí a kò rí dúró láàárín wa.

Junie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá àgbà, àgbàdo yín ń dà nù."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Orville, síbẹ̀ orúnkún náà kò ká mọ́. Adájọ́ gba ìbọn àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n èyí tó ká a lára jù ni ọ̀rọ̀ tí Corliss, ìyá Junie, bá a sọ lórí ibùsùn ní ọsibítù.

"Dádì, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní wá sọ́dọ̀ yín mọ́ àfi tí mo bá wà níbẹ̀."

Orville kò bá a jiyàn. Nígbà tí Hattie Broyles wá wò ó, Orville ní, "Ìyá, ẹ ti sọ fún mi."

"Mo ti sọ ọ́, n ò wá tún un sọ," ni ìyá náà wí. "Mo kàn wá bá ẹ jókòó ni."

Títí di òní, bí Orville bá fi ọ̀pá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn ibi tí mo ń to àgbàdo sí ló ń gbà. Kò jẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Òfin lè fún ènìyàn ní àṣẹ ohun tó lágbára, ṣùgbọ́n kò lè bá a ru ìnira tó bá a wá. Ẹni tí kò bá lè gba ìnira náà, kó dá ohun náà padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí a má sì dákẹ́ nítorí pé aláìbìkítà jù wá lọ tàbí pé ó ń rajà lọ́wọ́ wa. Junie yè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú wa tó lè sọ pé ọgbọ́n òun ló gbà á là.