Páásíwọ́ọ̀dù Bàbá Ìdùnnú

Láti ìgbà tí Ìdùnnú ti bímọ ní Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀, Olúwakẹ́mi, sì ti lọ bá a tọ́jú ọmọ, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni Adégòkè ń retí. Bó bá ti ti ìsọ̀ pákó rẹ̀ ní Katako, ó di ilé ní Nasarawa Gwong. Yóò pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, yóò sì máa wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àwòrán á dúró gbagidi, ẹnu ọmọ á là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ògiri Monica aládùúgbò rẹ̀, nìkan ló ti ń dára díẹ̀. Adégòkè gbé àga lọ síbẹ̀.

Ó dá a lójú pé ẹnìkan ń jẹ dátà òun. Yàrá tí Olúwakẹ́mi ti ń ránṣọ ni ráútà máa ń wà, ó sì ti ti yàrá náà pa kó tó lọ, nítorí aṣọ àwọn oníbàárà. Ojú afẹ́fẹ́ ni olè náà ń gbà wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó lọ bá Taofeeq, tó ta ráútà náà fún un ní Tina Junction.

“Bàbá, ṣé ẹ ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá?”

“Kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí kí ni?”

Taofeeq bú sẹ́rìn-ín. “Haba, Bàbá! Gbogbo irú ráútà yẹn, orúkọ kan náà, páásíwọ́ọ̀dù kan náà ni. Fóònù ẹni tó bá ní irú rẹ̀ á kàn wọ tiyín wẹ́rẹ́ ni, kò ní béèrè nǹkan kan.”

“Ta ló tún ní irú rẹ̀ ní àdúgbò wa?”

“Monica, tíṣà yẹn. Ó ra tiẹ̀ nígbà Kérésì.”

Adégòkè mi orí. Ó ti yé e.

Taofeeq fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé ráútà lórí fóònù hàn án. Nígbà tó délé, ó fi gíláàsì sójú, ó jókòó ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n mú iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mira. Ó yin bátìrì ráútà náà. Ojú ewé ṣí. Fóònù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ ń jẹ́ Tabitha, orúkọ ọmọ Monica.

“Kai!”

Ó lé gbogbo wọn jáde. Ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní ILÉ ADÉGÒKÈ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ́rìn-ín tán pátápátá, àwòrán kò dúró. Adégòkè jó yí àga ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Monica kanlẹ̀kùn. Ọmọ Birom ni, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti dàgbà, Yorùbá rẹ̀ já gaara.

“Bàbá Ìdùnnú, ẹ káàárọ̀ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi pòórá láti àná, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó oṣù yìí ni. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà ń dúró dè mí lọ́sàn-án yìí. Bí mi ò bá yọjú, àwọn òbí wọn á wá tíṣà mìíràn.”

Adégòkè ti to ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ojú Monica ti pọ́n, ó jọ pé ó ti sunkún. Olè tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, àánú rẹ̀ ṣe é.

“Mú fóònù ẹ wá. Mú ti Tabitha náà wá.”

Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i fún wọn.

“Àmọ́ gbọ́ o, Monica. Ilé tí kò nílẹ̀kùn, ewúrẹ́ á wọ̀ ọ́. Bó o bá tún ra ráútà, tètè pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀.”

Monica kúnlẹ̀. “Na gode, Bàbá! Na gode sosai!”

Láti ọjọ́ náà ni abọ́ ti ń ti ilé Monica wá: gwate, oúnjẹ àwọn Birom, lónìí, ànàmọ́ òyìnbó díndín lọ́la. Ìròyìn inú rere Adégòkè tàn kálẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń pè é wá bá wọn yí páásíwọ́ọ̀dù tiwọn náà padà, wọ́n sì ń pè é ní Injiniya. Kò ní kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Olúwakẹ́mi dé láti Ìbàdàn, gwate Monica ni Adégòkè ń jẹ lọ́wọ́, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe mú olè fún un, àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kúnlẹ̀, tó fa ráútà wọn yọ láàárín àwọn ìró inú báàgì rẹ̀: “Ẹ má bínú, Bàbá Ìdùnnú, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà ni mo ṣe rọra gbé e lọ, dátà orí fóònù yín ni mo rò pé ẹ fi ń pè wá látọjọ́ yìí.”