Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbaṣọ

Ọgbọ̀n ọdún ni Medankara fi ń kọ lẹ́tà sí ọba pé kò sí mọ́ńkì gidi kan ṣoṣo tó kù ní erékùṣù wọn. Àwọn tó wà nínú tẹ́ńpìlì kàn ń wọ aṣọ funfun kiri ni. Wọ́n ní oko, àwọn mìíràn sì ní ìyàwó, bẹ́ẹ̀ òfin mọ́ńkì kò gbà á. Mọ́ńkì márùn-ún ló gbọ́dọ̀ péjọ kí wọ́n tó lè sọ ẹnìkan di mọ́ńkì. Nígbà tó yá, ọba ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Siam, márùn-ún sì wọkọ̀ wá.

Inú Rambuke kò dùn sí i rárá. Òun ló jogún tẹ́ńpìlì tó tóbi jù ní Kandy lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, pẹ̀lú oko ìrẹsì méje àti obìnrin kan tó máa ń pè ní alásè. Bí Medankara bá di olórí, oko lọ, alásè lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé ọba Siam fún gbogbo wọn, Rambuke ti fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ àgbọn yó, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó lajú, ìwé ti ń parí lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbaṣọ mọ́ńkì ni ẹ̀gbọ́n àwọn yòókù títí dọjọ́ ikú, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan ló fi ṣáájú, wọn yóò sì máa wólẹ̀ fún un. Oorun dá lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá lọ kí Medankara. Kó tó dé àárín odò ló ti bì. Ó bá bàbá níwájú ahéré, tó ń sá atalẹ̀ sórí ẹní.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Atalẹ̀ yìí pọ̀ o. Àbí ọjà lẹ fẹ́ máa tà ni?”

“Ẹnìkan ló fẹ́ rìnrìn àjò. Kí ló ṣe ẹ́ tó ò ń làágùn báyìí?”

“Omi ni. Ìran wa àti omi ò rẹ́. Bí mo bá rí i tó ń mì nínú abọ́ lásán, inú mi á máa rú.”

“Ṣé gbogbo ìgbà ni?”

“Láti kékeré.”

Medankara bu ẹ̀kúnwọ́ atalẹ̀ mìíràn kún èyí tó wà lórí ẹní.

“Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ gbaṣọ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Àmọ́ ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má kánjú lọ́jọ́ náà o.”

“Mi ò ní kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Nígbà tí ọjọ́ pé, Medankara ń tiro lọ wẹ̀ lódò. Ó fọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó fọ èyí tí kò dùn ún, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Rambuke ti fárí láti ìdájí.

“Bàbá Suk,” ó wí fún àgbà àwọn ará Siam, “Bàbá wa ṣì ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi máa wọlé.”

Bàbá Suk wo ọ̀nà odò. Medankara fi orí dá a lóhùn láti inú omi pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé ènìyàn ni ọ́?” Bàbá Suk bi í, bí òfin ṣe wí.

“Ènìyàn ni mí.”

“Ṣé ọkùnrin ni ọ́?”

Alásè wúkọ́ níta.

“Ọkùnrin ni mí.”

“Ṣé o máa gbé àwo oúnjẹ mi tẹ̀ lé mi fún ọdún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí mi?”

“Ọdún mẹ́wàá pàápàá.”

Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn òjìji rẹ̀ láti mọ àkókò: ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí Medankara fi gbaṣọ, òjìji ti kúrú, ẹsẹ̀ márùn-ún péré ló kù. Ó wólẹ̀ fún Rambuke lójú gbogbo ènìyàn, ó forí kanlẹ̀. Rambuke ti ń ronú ibi tí oko kẹjọ yóò wà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ní etíkun Tirinkomali, Medankara, tí kò tiro mọ́, wólẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé àpò atalẹ̀ gbígbẹ kan lé e lọ́wọ́ fún èébì orí omi, ó sì juwọ́ sí ọkọ̀ tó ń gbé Bàbá Suk, àwo rẹ̀ àti àkọ́bí rẹ̀ padà lọ sí Siam, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọba Siam ṣe sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Rambuke ń hanrun.