Ẹ̀rọ Tó Wọ Ẹ̀wù Láníyọnu

Bí Láníyọnu bá ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ife kékeré fún orílẹ̀-èdè, ẹ̀rọ tó jọ ọ́ pátápátá ló ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án yìí, Láníyọnu jókòó sí àgọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, ó ń wo ẹ̀rọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ náà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó fẹnu ko àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì nà án sí Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó Láníyọnu, láàárín èrò. Mọ́rẹ́nikẹ́ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i.

Láníyọnu fa fóònù rẹ̀ yọ. Ṣé torí ife yẹpẹrẹ yìí ló ṣe fi ilé sílẹ̀? Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, irin lo ń juwọ́ sí?"

"Bàbá Ìyanu, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi tẹ́lẹ̀. Irin yẹn ni ò tíì gbàgbé."