Adìẹ Díndín ní Nakatsu, Japan

Tíṣà Kuroiwa kì í ra adìẹ díndín lọ́wọ́ mi kó má bá ẹnìkan wí.

Ó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ẹgba ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Lónìí, tọkọtaya arìnrìn-àjò ló kàn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ń fi igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì jẹ adìẹ gbígbóná.

"Bàbá Mizuho, ẹ tọ́ eléyìí wò."

Ìyàwó fi igi rẹ̀ na adìẹ sí ọkọ. Ọkọ fi igi tirẹ̀ gbà á.

Tíṣà fò dìde.

"Èèwọ̀! Ta ló ń fi igi gba oúnjẹ lẹ́nu igi bí ẹni tó ń ṣa egungun òkú? Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni?"

Ọkọ tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Mizuho ló ní tóun bá kúrò ní ọsibítù, ibí la máa kọ́kọ́ wá."

"Mizuho wá ńkọ́?"

"Àná la sun òkú ẹ̀. Èmi ń fi igi mú egungun, ìyá ẹ̀ ń fi igi gbà á sínú ìkòkò. Ọwọ́ wa ò tíì gbàgbé."

Tíṣà rọra jókòó padà.

Ìyàwó yíjú sí mi.

"Ẹ bá mi di díẹ̀ sí i fún Mizuho. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ata sí i. Kò tíì lè jẹ ata."