Ohùn Tó Ń Gba Owó ní Kánádà

Mofọlúwakẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sókè òkun. Ọkàn ẹni ni ẹ̀rọ náà fi ń díye lé dọ́là: bí ọkàn ẹni bá balẹ̀, náírà ẹni á ra dọ́là púpọ̀. Bí àyà ẹni bá já, dọ́là á wọ́n gógó.

"Mofọlúwakẹ́, olólùfẹ́ mi," ohùn Adéṣínà ọkọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà jáde nínú ẹ̀rọ náà, ó dùn bí oyin, "owó iṣẹ́ abẹ mi dà?"

Àyà rẹ̀ já. Àbẹ̀kẹ́ ni Adéṣínà ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra. Dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

"Fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ mi. Owó wa ń ṣòfò."

"Olówó orí mi, orúkọ wo lo máa ń pè mí?"

Ohùn dídùn yẹn rọra béèrè pé, "Èwo lo fẹ́ kí n máa pè ọ́?"