Áàpù Tí Yóò Gbé Ìkànnì Náà Pamọ́

Aránṣọ náà kọ̀, kò jókòó.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi wá áàpù tó lè gbé ìkànnì kan pamọ́ lódindi, kí n lè máa ṣí i láìsí dátà."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yìí. Nínú gbogbo ẹbí ọkọ, òun ni obìnrin náà fọkàn tán jù.

Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan ti ń bà á lórúkọ jẹ́ lórí ìkànnì ọ̀hún, pé ó máa ń gé lára aṣọ oníbàárà tà. Oníbàárà mẹ́fà ti wá kó aṣọ wọn lọ. Lọ́yà rẹ̀ ní kó tọ́jú gbogbo rẹ̀ kí oníṣẹ́ ibi náà tó pa á rẹ́.

"Méjì ló wà," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ nìkan. Ìkejì ń gbé gbogbo ẹ̀, tọjọ́ taago tí wọ́n kọ ọ́."

"Ìkejì ni mo fẹ́."

"Ìyẹn máa ń da kọ̀ǹpútà rú, ìyàwó wa. Jẹ́ ká lo àkọ́kọ́."

"Ẹ ṣàánú mi. Ìkejì."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà.

Lẹ́tà méjì péré ló tẹ̀, kọ̀ǹpútà parí ìyókù fúnra ẹ̀.

Ìkànnì ṣí: "Káàbọ̀, ìwọ tó ni ìkànnì yìí. Kí lo fẹ́ kọ lónìí?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ méjèèjì bo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Aránṣọ gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò rẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò bò tán lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́, ọkọ mi. Mo ti gbé e pamọ́."